Lady's mantle lábẹ́ igi máńgòrò ní Adó-Èkìtì: ṣé yóò yè, àbí ká gbin ewé eéran?

Ìbòji_Adó

Ẹ káàsán, ẹ̀yin ará. Ilẹ̀ tí mo fẹ́ tún ṣe wà lẹ́yìn ilé ní Adó: mítà 4 ní gígùn, mítà 2.5 ní fífẹ̀. Ògiri fẹ́ńsì wà ní àríwá rẹ̀, igi máńgòrò àgbà wà ní ìlà-oòrùn. Òjìji máńgòrò ń bo ibẹ̀ láti àárọ̀ títí di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, lẹ́yìn náà ni oòrùn á yọjú láti ìwọ̀-oòrùn fún bíi wákàtí méjì. Koríko kì í hù níbẹ̀ dáadáa. Yangí wẹ́wẹ́ pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó wù mí ni ewéko kan tí àwọn òyìnbó ń pè ní lady's mantle. Ewé rẹ̀ rí roboto, etí rẹ̀ rí bí abẹ́bẹ̀ tí wọ́n ṣẹ́ po, bí òjò bá sì dá, omi á wà lórí rẹ̀ kóróbójó bí ìlẹ̀kẹ̀. Ṣé yóò yè níbí? Bí kò bá ní yè, kí ló lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn lábẹ́ igi, tí kì í ṣe pé màá máa tún un gbìn lọ́dọọdún?

ỌmọÌjerò_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o. Alchemilla mollis ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé. Òun àti rósì jọ wá láti ìdílé kan náà ni, àwọn òkè Tọ́kì àti Caucasus sì ni ìlú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ níhìn-ín rèé, kí ẹ fi wé ti Adó.

Ó ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50, ó sì máa ń fẹ̀ tó bí ó ṣe ga, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi sẹ̀ǹtímítà 45 sáàárín ìdí kan sí èkejì. Kò ṣàṣàyàn ilẹ̀, àfi ibi tí omi bá ń dá róbó sí. Oṣù kẹfà ló ń tanná, òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè tó dà mọ́ àwọ̀ ewé, bí èèpo ọsàn tí kò tíì pọ́n tán. Kí òdòdó yẹn tó gbó ni kí ẹ ti gé gbogbo rẹ̀, tòdòdó tewé, ku bí ìka mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ sì bu omi garawa kan sí ìdí rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ewé tuntun á ti kún ibẹ̀, èyí tuntun yẹn ló sì máa ń dára jù. Bí ẹ ò bá gé e, á fọ́n irúgbìn sí gbogbo àlàfo òkúta tó wà lójú ọ̀nà. Kò nílò oyin tàbí labalábá kankan kó tó so irúgbìn tó lè hù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí: láti oṣù kọkànlá, ewé rẹ̀ á kú, ìdí rẹ̀ á sùn nínú ilẹ̀ tútù títí di oṣù kẹta. Mi ò mọ ibi tí ẹ ti máa rí irú oorun bẹ́ẹ̀ fún un l'Ádó.

ÌyáElewé_Ìkẹ́rẹ́

Ọmọ Ìjerò ti sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ìdí rẹ̀ kún un, kí ẹnikẹ́ni má baà ná owó dànù sórí rẹ̀.

Ewéko a máa se oúnjẹ lọ́sàn-án pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, a sì máa jẹ nínú rẹ̀ lóru. Bí òru bá tutù, díẹ̀ ló ń jẹ, ìyókù á wọ gbòǹgbò. Bí òru bá móoru bíi tiwa, jíjẹ á pọ̀ ju sísè lọ, pàápàá lábẹ́ igi níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò ti pọ̀. Ewéko ilẹ̀ olótùútù tí ẹ bá gbìn síbẹ̀ ò ní kú lọ́jọ́ kan. Ewé rẹ̀ á máa kéré sí i lóṣooṣù, títí kò fi ní sí nǹkan kan mọ́. Èyí ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn rò pé ajílẹ̀ ni ò tó, wọ́n á wá máa da ajílẹ̀ sí ohun tó ń kú lọ.

Èkejì, irun wẹ́wẹ́ tó wà lórí ewé yẹn ló ń gbé omi ró. Ní oṣù kẹsàn-án wa tí òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, omi ò ní gbẹ lórí rẹ̀ lábẹ́ máńgòrò. Á hu funfun, ìdí rẹ̀ á rà. Ẹ̀kẹta ni ọyẹ́. Èyí tí òjò ò bá pa, ọyẹ́ á yan etí rẹ̀ bí ẹran suya.

Ohun tí ojú yín ń wá wà nínú ilé. Bó bá jẹ́ omi tó ń yí gbiri lórí ewé ni ẹ fẹ́, ewé kókò ń ṣe é ju ti òyìnbó lọ. Bó bá jẹ́ ewé ńlá tó kún ibòji ni, ewé eéran tí a fi ń pọ́n móínmóín ni. Bó bá jẹ́ ewé kékeré tó bo etí ilẹ̀, rinrin ni. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, abẹ́ igi ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n gbé.

Bàbá_Ẹ̀fọ̀n

Ẹ má tètè pa á sí wọn lórí o. Òtútù wà ní Ẹ̀fọ̀n níbí, pàápàá nígbà ọyẹ́, kì í ṣe kékeré. Wọ́n sì ní bí a bá fi irúgbìn rẹ̀ sínú yanrìn tútù nínú ọ̀rá, ká gbé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yóò hù. Bó bá hù, kí ló kù?

ÌyáElewé_Ìkẹ́rẹ́

Bàbá, ẹ ṣeun. Òótọ́ ni ti fíríìjì, ó ń jí irúgbìn. Àmọ́ irúgbìn la tàn, a ò tan ewéko. Fíríìjì á parí iṣẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ kẹrin. Ewéko náà á máa wá òtútù lọ́dọọdún.

Ní ti Ẹ̀fọ̀n, òtútù ọyẹ́ kò pẹ́ lóru, oòrùn ọ̀sán á sì wá gbá a dànù. Ohun tó burú jù nínú rẹ̀ ni pé òtútù wa àti ọ̀gbẹlẹ̀ wa jọ ń bọ̀ lásìkò kan náà, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tútù tó lọ́rinrin ni Alchemilla ń sùn sí. Ó ní àwọn mọ̀lẹ́bí ní Áfíríkà níbí o: Alchemilla argyrophylla wà lórí Òkè Kenya. Ṣùgbọ́n ibi tó wà yẹn ga ju mítà 3,000 lọ, níbi tí ilẹ̀ ti lè dì ní òru. Àwọn òkè tiwa, tó fi dé Olósùnta nílùú wa níbí, kò sún mọ́ ọn rárá.

Bàbá_Ẹ̀fọ̀n

Mo gbà. Ẹ máa bá ti ewé eéran lọ.

Àgbẹ̀_Ìyìn

Ẹ jẹ́ kí n mú ewé eéran, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Thaumatococcus daniellii ni mo ń sọ o, kì í ṣe gbódógì. Wọ́n jọ jẹ́ ìbátan, ọjà ewé sì máa ń dà wọ́n pọ̀. Ti eéran, gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn gbọọrọ lábẹ́ ilẹ̀, ó ń yọ igi ewé kan níhìn-ín, òmíràn lọ́hùn-ún, ewé kan ṣoṣo lórí igi kan. Igi yẹn lè ga ju èèyàn lọ níbi tó bá ti rí ilẹ̀ tó dùn mọ́ ọn. Òdòdó rẹ̀ àti èso pupa rẹ̀ oníhà mẹ́ta, ìsàlẹ̀ nítòsí ilẹ̀ ni wọ́n ń wà, ẹni tí ò bá ká ewé gbígbẹ kúrò ò lè rí wọn.

Ibi tí ẹ ti máa rí i: lọ́wọ́ ẹni tó ní oko kòkó tàbí oko obì tí eéran wà nínú rẹ̀, kí ẹ sì tọrọ àyè. Ewé tí wọ́n dì ní Ọjà Ọba ò lè hù, bí ẹ tilẹ̀ fi igi rẹ̀ sínú omi fún oṣù kan. Kò ní ojú lára. Gbòǹgbò ni ẹ ń wá.

Ẹ wa gbòǹgbò tó le, tí ṣóńṣó rẹ̀ funfun tàbí pọ́n rúsúrúsú. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, kí ojú méjì ó kéré tán wà lára ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bí igi ewé bá wà lórí rẹ̀, ẹ bẹ́ ẹ ku sẹ̀ǹtímítà 20, kí ewé ńlá má baà fa omi kúrò lára ohun tí kò tíì ní gbòǹgbò tuntun. Ẹ fi eérú ra ojú ibi tí àdá gé. Àpò tútù ni kí ẹ fi wé e bẹ́ ẹ bá ń gbé e bọ̀, kí ẹ sì gbìn ín láàárín ọjọ́ méjì. Kì í ṣe iṣu tí a lè tò sí àká. Gbòǹgbò tó bá ti hunjọ, òkú ni.

Ìgbà wo? Ẹ má bá òjò àkọ́rọ̀ gbìn ín. Òjò yẹn a máa rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á sì lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ìparí oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹfà ló dára, nígbà tí ilẹ̀ bá ti tutù dénú.

Bí a ṣe ń gbìn ín: ẹ la ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, ẹ tẹ́ gbòǹgbò sí i ní ìbúlẹ̀, kí ojú kọ òkè, ẹ fi erùpẹ̀ tó nípọn tó bíi sẹ̀ǹtímítà 5 bò ó, ẹ wá fi ewé gbígbẹ lé e. Àwọn tó ń gbé e ró bí igi ẹ̀gẹ́ ń ṣe àṣìṣe, torí ojú tó wà lókè á gbẹ, èyí tó wà nísàlẹ̀ á rà. Àwọn tó ń rì í sínú kòtò bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ń ṣe àṣìṣe. Nínú ilẹ̀ yangí, òjò oṣù keje á dúró sínú kòtò yẹn bí ìkòkò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́jọ kó tó yọ. Á yọ bí abẹ́rẹ́, ewé rẹ̀ á ká bí ẹní, á wá ṣí. Ewé ọdún àkọ́kọ́ a máa kéré, ẹ má gé e rárá. Ọdún kejì ni ẹ ó rí ewé tó tó gbá móínmóín mú.

Ọ̀dọ́_Ìkọ̀lé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ káre. Ṣé èèyàn ò lè gbin kóró rẹ̀ ni? Kóró dúdú yẹn, èyí tí wọ́n ń lá nǹkan dídùn ara rẹ̀. Mo fi bíi ogún sínú pọ́ọ̀tù, oṣù méjì ti kọjá, kò sí nǹkan kan.

Àgbẹ̀_Ìyìn

Àbúrò, ó ń hù, àmọ́ kì í kánjú. Èèpo kóró yẹn le, ó lè lo ọ̀pọ̀ oṣù kó tó là. Nǹkan dídùn ara rẹ̀ gan-an, bí o bá fi sílẹ̀ lára rẹ̀, èèrà á kó o lọ. Fọ̀ ọ́ dànù kí o tó gbìn ín, má ṣe jẹ́ kí pọ́ọ̀tù gbẹ, má sì dà á nù kó tó pé oṣù mẹ́fà. Ẹni tó bá fẹ́ bo ilẹ̀, gbòǹgbò ni kó lò.

Nǹkan dídùn yẹn, purotéènì ni, kì í ṣe ṣúgà. Thaumatin ni wọ́n ń pè é, ó fi ìlọ́po bíi 2,000 dùn ju ṣúgà lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ oúnjẹ ní Yúróòpù ń kọ ọ́ sára páálí ní E957, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá èròjà oúnjẹ mọ̀. Igbó wa ló ti wá, ṣùgbọ́n ewé nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń gé, a ń tẹ èso mọ́lẹ̀ kọjá.

Ìbòji_Adó

Ẹ ṣeun gan-an. Ohun mẹ́ta ló kù. Gbòǹgbò máńgòrò wà lókè ilẹ̀, ṣé kí n gé e? Èkejì, ìyàwó ilé ní ewé tó bá kún lẹ́yìn ilé, ejò ló ń pè. Ẹ̀kẹta, Màmá Ìkẹ́rẹ́, ẹ bá mi ṣàlàyé ti kókò.

Àgbẹ̀_Ìyìn

Ẹ má gé gbòǹgbò máńgòrò. Ẹ fi mítà kan àbọ̀ sílẹ̀ láti ìdí igi, kí ọkọ́ má dé ibẹ̀. Dípò kí ẹ wa ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ẹ gbé e sókè: ilẹ̀dú tí ẹ pò mọ́ ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná, kó ga ní sẹ̀ǹtímítà 10. Fún mítà 10 níbùú lóròó tiyín (4 lọ́nà 2.5), wílìbáró bíi 15 ni ilẹ̀dú yẹn. Ìgbẹ́ adìyẹ, kílò 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan tó, kílò 20 lápapọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti wà lókìtì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ó kéré tán. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ inú òkìtì tó ṣì gbóná, kò tíì tó gbé lọ sídìí ewé. Ẹ má kó erùpẹ̀ jọ sára igi máńgòrò fúnra rẹ̀, èèpo rẹ̀ á rà níbẹ̀.

Ní ti ejò, ìyàwó kò ṣẹ̀. Eku àti ọ̀pọ̀lọ́ ló ń pè é, ewé òkú tó wó lé ara wọn ló sì ń fún wọn ní ilé. Ẹ máa gé igi ewé tó ti gbó kúrò láti ìdí lóṣooṣù, kí ojú lè máa rí ilẹ̀ láàárín wọn. Ẹ fi ọ̀nà mítà kan tó mọ́ sílẹ̀ láàárín ewé àti ògiri ilé. Fẹ́ńsì ò ní wàhálà, ilé ni mo wí.

Ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ: eéran kì í dúró síbi tí ẹ fi í sí. Ọdún kẹta, ẹ ó bá a nínú ilẹ̀ ẹ̀fọ́. Ẹ ri páànù àlòkù mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, sẹ̀ǹtímítà 30 nínú ilẹ̀, 5 lókè ilẹ̀, kí ẹ sì tẹ etí rẹ̀ kó má baà ya èèyàn lẹ́sẹ̀.

ÌyáElewé_Ìkẹ́rẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì orí rẹ̀ o: kókò ni mo wí, kì í ṣe kòkó. Ẹni tó bá lọ gbin kòkó sídìí fẹ́ńsì, kó má wá bá mi jà.

Kókò tí mo ń sọ ni èyí tí igi ewé rẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn ewé, bí igi agbòòrùn. Èyí tí igi rẹ̀ dé ẹnu ibi tí ewé ti là, oríṣi mìíràn nìyẹn, òun náà dára, ṣùgbọ́n tàkọ́kọ́ ló fara mọ́ ilẹ̀ olómi jù. Irun kọ́ ló ń gbé omi ró lórí rẹ̀. Ìda ni, tó bo àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ojú ò lè rí lójú ewé, omi ò wá ráyè lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ máa fi àkísà nu ewé rẹ̀ tàbí kí ẹ da omi ọṣẹ lé e. Ìda á lọ, ìlẹ̀kẹ̀ omi á bá a lọ. Bí ẹ bá jí ní kùtùkùtù, ẹ ó tún rí omi tó ń kán ní ṣóńṣó ewé láìsí òjò. Inú ewé fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde, tí gbòǹgbò fà á ju ohun tí ewé lò lóru. Lady's mantle náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ létí ewé. Omi yẹn ni àwọn tó ń wá ọ̀nà àti sọ irin di wúrà láyé àtijọ́ ní Yúróòpù ń gbà, ibẹ̀ ni orúkọ Alchemilla ti jáde.

Gbígbìn rẹ̀: orí kókò, tí ẹ gé pẹ̀lú bíi sẹ̀ǹtímítà 1 nínú iṣu rẹ̀ (àwa ará ibí á ní usu rẹ̀) àti igi ewé sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20. Ẹ rì í ní sẹ̀ǹtímítà 10, kí 60 wà láàárín ìdí kan sí èkejì. Lẹ́yìn tí ẹ bá gé e, ẹ fi í sílẹ̀ níbòji fún ọjọ́ kan kí ojú ibi tí ẹ gé gbẹ. Bí ẹ bá gbìn ín lọ́jọ́ kan náà sínú ilẹ̀ tútù, á rà.

Àrùn kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹ ó rí ojú kan roboto lórí ewé bí ibi tí omi gbígbóná dà sí, á di àwọ̀ ilẹ̀, á máa fẹ̀ lójoojúmọ́, omi pupa rúsúrúsú á máa sun ní etí rẹ̀, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì ewé á ti jó tán. Phytophthora colocasiae ni ohun tó ń fà á. Òjò òru àti ewé tó fún mọ́ra ló ń gbé e kiri. Ẹ gé ewé tó mú un ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ rí i, ẹ sun ún tàbí kí ẹ rì í, ẹ má fi bo ilẹ̀. Ẹ má bomi rin ín láti òkè nírọ̀lẹ́. Ẹ má sì mú orí kókò láti oko tó ti mú un.

Kókò a máa lọ sùn nígbà ẹ̀rùn bí omi ò bá tó. Ẹ fi igi kékeré sàmì sí ìdí kọ̀ọ̀kan, kí ọkọ́ má baà gé e. Ewé tútù rẹ̀ ń yún ọ̀nà ọ̀fun burúkú, ẹ kìlọ̀ fáwọn ọmọ.

Ọ̀dọ́_Ìkọ̀lé

Màmá, omi ilé ìwẹ̀ ńkọ́? Ìdí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbin kókò sí.

ÌyáElewé_Ìkẹ́rẹ́

Ó ń dàgbà níbẹ̀, òótọ́ ni, torí omi ló ń wá. Ṣùgbọ́n ọṣẹ ìfọṣọ ní iyọ̀ nínú, iyọ̀ yẹn á máa pọ̀ nínú ilẹ̀ nígbà ẹ̀rùn tí òjò ò sí láti fọ̀ ọ́ lọ. Etí ewé á máa jó láti ìta bọ̀ wá sínú. Bí ẹ bá fẹ́ lo omi ìwẹ̀, kó jẹ́ ti ìwẹ̀ nìkan, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú omi kànga. Kókò ìdí ṣọ́kàwèè, ẹ fi wò, ẹ má jẹ ẹ́.

Ìbòji_Adó

Ẹ wo ètò mi. Lẹ́bàá fẹ́ńsì, ìdí eéran 10 lórí ìlà kan. Lẹ́yìn rẹ̀ kókò 6. Lẹ́yìn kókò, kaladíọ̀mù aláwọ̀ pupa àti funfun jálẹ̀ mítà 4. Rinrin létí. Mo ti rí ìgbẹ́ adìyẹ, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o jáde lánàá. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bí òjò oṣù kẹta bá ti rọ̀.

Àgbẹ̀_Ìyìn

Ìtò rẹ̀ dára, gíga lẹ́yìn, kúkúrú níwájú. Àwọn ohun tó yẹ ká tún ṣe ló kù.

Eéran 10 ti pọ̀ jù. Ìdí 5, sẹ̀ǹtímítà 80 síra wọn, sẹ̀ǹtímítà 50 sí fẹ́ńsì. Lọ́dún àkọ́kọ́ á dà bíi pé àlàfo pọ̀, ẹ fi rinrin kún un, ẹ má fi eéran mìíràn kún un. Páànù wà ní mítà 1 sí fẹ́ńsì. Ìlà kókò wà ní mítà 1.4, ìdí 6 náà dára. Kaladíọ̀mù ní 1.9, rinrin ní ìyókù.

Ẹ rántí oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí ẹ ní ó ń wọlé láti ìwọ̀-oòrùn. Ewé funfun kaladíọ̀mù á jó níbẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ẹ má gbìn ín sí mítà tó kẹ́yìn lápá ibẹ̀. Ìdí 10 ní sẹ̀ǹtímítà 30 síra wọn tó fún mítà 3 tó kù, kí ẹ rì í ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ní mítà tó ṣẹ́ kù, ẹ gbin tẹ̀tẹ̀-ègún mẹ́ta, kó dí oòrùn fáwọn yòókù. Ọ̀pá rẹ̀ tí ẹ gé ní sẹ̀ǹtímítà 30, tí ẹ ri ìdajì rẹ̀ mọ́lẹ̀, á hù.

Ìgbẹ́ adìyẹ àná, ẹ kó o jọ, ẹ bu omi sí i, ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ yí i lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ èyí ní oṣù kẹta, òun àti òjò gidi á jọ débẹ̀ pọ̀. Òjò oṣù kẹta ẹ fi pilẹ̀ ilẹ̀, ẹ má fi gbìn.

ÌyáElewé_Ìkẹ́rẹ́

Rinrin, ẹ má wá irúgbìn rẹ̀ kiri. Irúgbìn rẹ̀ kéré bí eruku. Ẹ bu erùpẹ̀ abẹ́ rinrin tó ti gbó, tòun ti rinrin náà, ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tó tutù, ẹ má bò ó. Lóòótọ́, kì í wà jálẹ̀ ọdún. Ẹ̀rùn á mú un lọ, òjò á dá a padà láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án. Ẹni tí kò fẹ́ kí etí ilẹ̀ ṣófo nígbà ẹ̀rùn, kó fi ọjà ikòokò díẹ̀ sáàárín rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í dẹ́rù bà á.

Ẹ bo gbogbo ilẹ̀ náà ní sẹ̀ǹtímítà 5, bíi wílìbáró 8 ewé gbígbẹ. Ewé máńgòrò nìkan a máa lẹ̀ pọ̀ bí páálí, òjò kékeré ò ní wọlẹ̀, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ pò ó. Ẹ má lo ìfárí pákó, ikán ló ń pè. Kí ó má sì kan fẹ́ńsì.

Ìbòji_Adó

Omi ìgbà ẹ̀rùn ńkọ́, mélòó?

Àgbẹ̀_Ìyìn

Lítà 10 fún mítà kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, láti oṣù kejìlá títí òjò á fi dé. Tiyín jẹ́ lítà 100 lẹ́ẹ̀kan, garawa ńlá 5. Ẹ dà á lẹ́ẹ̀kan kó wọlẹ̀ jinlẹ̀. Máńgòrò ló máa kọ́kọ́ mu èyí tí ẹ bá ń wọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, gbòǹgbò rẹ̀ ló wà lókè. Bí ọyẹ́ bá jó etí ewé eéran, àrùn kọ́ nìyẹn, ẹ má wọ́n oògùn sí i.

Bí igi ewé eéran bá wá ń ga gbọọrọ tí ewé ò pọ̀, òkùnkùn ti pọ̀ jù. Ẹ gé ẹ̀ka máńgòrò ìsàlẹ̀ títí dé mítà 2.5 sókè. Bí ewé bá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tó sì ká, oòrùn ló pọ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sílẹ̀ láàárín ewé igi ní ojú kan ojú kan, tó ń ṣí kiri, ni ó fẹ́.

ỌmọÌjerò_Leeds

Ẹ̀gbọ́n Ìyìn, ṣé eéran lè wà lọ́dọ̀ tiwa níbí? Ewé móínmóín wọ́n lọ́dọ̀ wa o, inú agolo la ń se é sí.

Àgbẹ̀_Ìyìn

Níta, rárá. Ohun tí òru wa ṣe fún lady's mantle ni oṣù kọkànlá yín máa ṣe fún un. Inú ilé oníjígí tó ń móoru ló lè gbé, tí omi sì wà nínú afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Iye owó iná mànàmáná tí ẹ máa san, ẹ fi ra agolo.

Ìbòji_Adó

Ìbéèrè tó kẹ́yìn. Lọ́dún kejì, báwo ni èèyàn ṣe ń gé ewé tí ẹwà ibẹ̀ ò fi ní lọ?

ÌyáElewé_Ìkẹ́rẹ́

Nínú ewé mẹ́ta, ẹ gé ẹyọ kan, kí ẹ sì máa gé láti ẹ̀yìn lápá fẹ́ńsì. Ewé tó ti ṣí tán, tó nípọn, tó tàn, ni ẹ gé. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí a máa ya bí ẹ bá ń pọ́n nǹkan. Àdá mímú, kí ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, ẹ má fà á tu, torí fífà á ń mú ojú tó wà nídìí rẹ̀ dání. Láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, ẹ má gé rárá, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ tuntun lásìkò yẹn, èso rẹ̀ sì ń pọ́n nísàlẹ̀. Igi ewé tí ẹ gé kúrò, ẹ má jù ú nù. Ẹ gé e bí ìka ọwọ́, ẹ tò ó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ẹ tó to móínmóín lé e, kó má baà jóná.